GR 65 láti Le Puy-en-Velay dé Conques: ẹni tó mọ ọ̀nà, ẹ wá sọ tẹnu yín

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rin GR 65, ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò ìsìn tó gba Faransé lọ sí Compostela ní Sípéènì, láti Le Puy dé Conques ní oṣù karùn-ún tó ń bọ̀, èmi nìkan. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ní, mo ti yọ ọjọ́ ọkọ̀ kúrò. Leeds ni mo ń gbé, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ mi, Faransé mi ò sì ju "bonjour" lọ. Àwọn ilé àtijọ́ ojú ọ̀nà ló wù mí jù, mi ò fẹ́ sáré kọjá wọn. Báwo ni kí n ṣe pín ọjọ́? Ibo ló le? Ṣé kí n gba ibùsùn sílẹ̀ ni, àbí kí n máa wá a bí mo bá ṣe ń dé?

ÀpòFúyẹ́

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá tó dáadáa. Ọ̀nà yẹn lé díẹ̀ ní 200 kìlómítà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn ín. Ọjọ́ kẹwàá tó ṣẹ́ kù yẹn ni kí ẹ ṣọ́ bí ẹ ó ṣe ná. Báyìí ni màá ṣe pín in fún ẹni tó fẹ́ wo nǹkan:

Ọjọ́ 1: Le Puy dé Saint-Privat-d'Allier, 24 km
Ọjọ́ 2: dé Saugues, 19 km
Ọjọ́ 3: dé Domaine du Sauvage, 20 km
Ọjọ́ 4: dé Aumont-Aubrac, 28 km
Ọjọ́ 5: dé Nasbinals, 26 km
Ọjọ́ 6: dé Saint-Chély-d'Aubrac, 17 km
Ọjọ́ 7: dé Saint-Côme-d'Olt, 16 km
Ọjọ́ 8: dé Estaing, 18 km
Ọjọ́ 9: dé Golinhac, 15 km
Ọjọ́ 10: dé Conques, 21 km

Ẹ ó rí i pé ìdajì kejì ni mo dín kù. Àwọn tó ń kánjú máa ń ti Saint-Chély dé Espalion ní 22 km, wọ́n á tún fò dé Golinhac lọ́jọ́ kejì, 26 km, wọ́n á sì gba iwájú ilé olódi Estaing kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín Saint-Côme sí Estaing wà lára abala ọ̀nà ẹsẹ̀ méje péré tí UNESCO kọ sínú ogún àgbáyé ní 1998 pẹ̀lú ilé àtijọ́ 71 lórí àwọn ọ̀nà Compostela ní Faransé. Nasbinals sí Saint-Chély náà wà lára wọn.

Ìṣirò wákàtí: ẹni tó ru àpò ń rin kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Níbi òkè, ẹ fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 300 mítà tí ẹ bá gùn. Ọjọ́ 4 yẹn, wákàtí méje sí mẹ́jọ ni láìka ìsinmi, nítorí náà aago méje òwúrọ̀ ni kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà.

Orúnkún_Ẹ_Ṣọ́ra

Ìpín ÀpòFúyẹ́ dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù gígun òkè, èémí lásán ló ń gbà. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dá èèyàn dúró lọ́nà yìí, ọjọ́ kejì gan-an ló sì ti ń mú wọn.

Láti Rochegude, níbi tí ilé ìsìn kékeré Jákọ́bù Mímọ́ wà lórí àpáta tó dojú kọ àfonífojì odò Allier, ọ̀nà já wá sí Monistrol-d'Allier. Nǹkan bí 350 mítà ni ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín kìlómítà tí kò pé mẹ́rin. Gbòǹgbò igi páìnì àti òkúta ló kún ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, gbòǹgbò náà á máa yọ̀ bí ọṣẹ: orí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ni kí ẹ máa tẹ̀, ẹ má tẹ gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Ẹ ó gba orí afárá irin tí ilé iṣẹ́ Eiffel kọ́ kọjá, ẹ ó sì tún gun nǹkan bí 400 mítà lójú ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn La Madeleine tó wà nínú ihò àpáta. Ẹni tó bá lo gbogbo agbára orúnkún rẹ̀ níbi ìsọ̀kalẹ̀ á kábàámọ̀ níbi ìgòkè.

Èkejì ni Aubrac sí Saint-Chély, 500 mítà láàárín kìlómítà mẹ́jọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó wọ Conques: ọ̀nà tóóró olókùúta, ó gẹ̀rẹ́ gan-an, àárẹ̀ kìlómítà 20 á sì ti wà lára yín nígbà náà.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kúrú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kì í ṣe òru ọjọ́ tí ẹ máa gbéra. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tú okùn bàtà, ẹ fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ sún sẹ́yìn, kí ẹ wá so ó le níbi ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ìka á máa gbá iwájú bàtà, èékánná á dúdú, á sì bọ́ kí ẹ tó padà délé. Ẹ̀kẹta, ọ̀pá ìrìn méjì: ẹ fà á gùn sí i ní 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Ìṣísẹ̀ kéékèèké.

Màámi_Lyon

Àbúrò, ẹ gba ibùsùn sílẹ̀. Oṣù karùn-ún ni èrò pọ̀ jù, òun àti oṣù kẹsàn-án. Ìsinmi ìjọba wà ní ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 8 oṣù náà, Ìgòkè Re Ọ̀run náà sábà máa ń bọ́ sí i, àwọn Faransé á wá so ìsinmi wọ̀nyí mọ́ òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo ilé á kún. Ní nǹkan bí ọjọ́ 25 sì ni ayẹyẹ kíkó màlúù lọ sórí òkè ní Aubrac. Wọ́n ń fi òdòdó àti aago ńlá sọ́rùn màlúù, ó dùn ún wò, àmọ́ ẹni tí kò gba ibùsùn sílẹ̀ ní Nasbinals tàbí Aubrac lọ́sẹ̀ yẹn ń ṣeré ni.

Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè ni Domaine du Sauvage. Ilé òkúta ńlá kan ṣoṣo ló dá wà lórí pápá níbẹ̀, ní nǹkan bí 1,290 mítà, kò sí abúlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó ti kún, gbogbo ìpín ọjọ́ yín ló máa yí padà. Torí náà, ẹ mú ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó kù síwájú àti sẹ́yìn láti ibẹ̀.

Gîte ni wọ́n ń pe ilé àrìnrìn-àjò wọ̀nyí: yàrá ibùsùn mẹ́rin, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Demi-pension" ni ibùsùn, oúnjẹ alẹ́ àti ti òwúrọ̀ pọ̀. Ẹ ka 40 sí 55 yúrò fún alẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ kì í gba káàdì, ẹ mú owó lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní Le Puy ni kí ẹ ti gba ti àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, ẹ tún gbà á ní Saugues, Aumont àti Espalion. Ẹ má retí ẹ̀rọ owó ní abúlé kékeré. Ṣọ́ọ̀bù náà ń tì láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, ọ̀sán Sọ́ńdè àti ọjọ́ Mọ́ńdè sì burú jù. Ẹ ra búrẹ́dì Mọ́ńdè ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè.

Bàtà àti ọ̀pá kì í wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ ilé kì í jẹ́ kí àpò ẹ̀yìn náà wọlé nítorí ìdun. Ẹ má ka á sí ìwọ̀sí. Ìdun máa ń sá pamọ́ sínú ojú rírán àpò láti ilé kan dé èkejì, ẹni tó gbé àpò lé orí ibùsùn ló sì ń tàn án kiri.

Bí ẹ kò bá ní lè dé, ẹ pè, kí wọ́n lè fún ẹlòmíì ní ibùsùn yín. Wọ́n mọ ara wọn lójú ọ̀nà yẹn, ìròyìn ń sáré ju ẹsẹ̀ lọ.

Ọmọ_Kétu

Fóònù ló yá ju ímeèlì lọ fún àwọn ilé kéékèèké, nítorí náà ẹ kọ́ gbólóhùn wọ̀nyí sórí. Lọ́dọ̀ àwa ará Benin, Faransé ilé ẹ̀kọ́ nìyí, kò nira:

"Bonjour, je voudrais réserver un lit en demi-pension pour le douze mai, pour une personne." Ẹ yí ọjọ́ padà.
"J'arriverai vers seize heures": ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa dé.
"C'est complet": ó ti kún. Ẹ tètè fi èyí tẹ̀ lé e: "Vous connaissez un autre gîte ?"
"Je ne mange pas de porc": mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀yin mùsùlùmí, lójú fóònù gan-an ni kí ẹ ti sọ ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá jókòó sídìí tábìlì. Sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé ti aligot, oúnjẹ pòtétò àti wàrà ti Aubrac.

Ojú ọ̀nà: "Eau non potable", omi yìí kò ṣe é mu. "Refermez la barrière", ẹ ti géètì padà. "Chasse en cours", wọ́n ń ṣọdẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kò kàn yín ní oṣù karùn-ún. Láti oṣù kẹsàn-án dé òpin oṣù kejì ni, ẹni tó bá ń rìn nígbà yẹn kó wọ aṣọ ọsàn tó ń tàn.

Ọ̀rọ̀ omi: bí ẹ̀rọ omi abúlé bá gbẹ, ẹ lọ sí itẹ́ òkú. Ẹ má fajú ro! Omi ìlú ni, wọ́n fà á síbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó ojú oórì, ó sì sábà máa ń ṣe é mu bí kò bá sí àkọlé tó ní ó léèwọ̀. Gbogbo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin Faransé ló mọ̀ ọ́n.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Mẹ́ta

Físà lákọ̀ọ́kọ́ ná. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò gba Nàìjíríà wọ Faransé. Físà Schengen ni ẹ ó gbà. 90 yúrò lowó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti 2024, ìwé àbójútó ìlera tó kájú 30,000 yúrò ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ lè kọ ìwé sí wọn láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 ó kéré tán kí ẹ tó gbéra.

Ibi tí ó ti ń dí èèyàn lọ́wọ́ ni ẹ̀rí ibùsùn. Ilé mẹ́wàá ní alẹ́ mẹ́wàá, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gîte kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fi ímeèlì kan ránṣẹ́ tó ní orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà àti ọjọ́ náà. Ẹ tò ó sí ìwé kan ṣoṣo: ọjọ́, ìlú, orúkọ ilé, iye kìlómítà. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò á rí i pé ìrìn gidi ni. Bí àlàfo alẹ́ kan bá wà láàárín, ibẹ̀ ni ìbéèrè á ti yọ.

Ọkọ̀: Paris Gare de Lyon sí Lyon Part-Dieu, bíi wákàtí méjì. Láti Lyon, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Saint-Étienne Châteaucreux, ibẹ̀ ni ti Le Puy ti ń gbéra, wákàtí kan ààbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé yín dé Le Puy ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀sán ni kí ẹ dé, Olókè á sọ ìdí rẹ̀.

Olókè_Ìdànrè

Ìdí rẹ̀ ni pé òkè oníná tó ti kú ni Le Puy jókòó lé, àwọn ohun tó yẹ kí ẹ wò níbẹ̀ kò sì ní dúró de yín ní òwúrọ̀ tí ẹ máa gbéra. Lórí àpáta kan tó dá dúró ṣánṣán bí ìka ni ilé ìsìn Saint-Michel d'Aiguilhe wà, láti ọ̀rúndún kẹwàá. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 268. Ẹni tó ti gun Òkè Ìdànrè tó ní àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ wo òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀, dúdú àti funfun àti pupa ni wọ́n tò pọ̀. Lórí àpáta kejì ni ère Màríà pupa wà: 1860 ni wọ́n gbé e dúró, ìbọn àgbá 213 tí wọ́n kó bọ̀ láti ogun Sevastopol ni wọ́n yọ́ láti fi dà á. Ẹ lè gba inú rẹ̀ gùn ún.

Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ ni ìsìn àwọn arìnrìn-àjò wà ní kàtídírà. Kódà bí ẹ kì í ṣe onígbàgbọ́, ẹ lọ. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n á ṣí irin kan ní ilẹ̀ láàárín ilé ìsìn, àtẹ̀gùn á yọ, ẹ ó sì gba inú ilé ìsìn sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí ojú pópó. Níbẹ̀ náà ni ẹ ti lè ra ìwé arìnrìn-àjò tí gîte kọ̀ọ̀kan á máa lu òǹtẹ̀ sí. Godescalc, bíṣọ́ọ̀bù ìlú yìí, ló gbéra láti ibẹ̀ lọ sí Compostela ní 950. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé láti Faransé ni wọ́n ti lọ.

Ní Saugues, ẹranko Gévaudan ni gbogbo ìlú ń sọ: ó pa èèyàn ní agbègbè yẹn láàárín 1764 sí 1767. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ wà níbẹ̀, ère igi rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Wákàtí kan tó.

Saint-Alban, lójú ọ̀nà ọjọ́ 4, ni àwọn èèyàn ń sáré kọjá láìmọ ohun tí wọ́n ń kọjá. Ilé olódi òkúta tó wà lókè ìlú yẹn, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Níbẹ̀ ni Frantz Fanon, dókítà ọpọlọ tó kọ ìwé lórí ìjọba amúnisìn, ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ dókítà François Tosquelles ní 1952 sí 1953, kó tó lọ sí Algeria. Ẹ̀yin tí ẹ ka Fanon ní yunifásítì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú rẹ̀.

Ní Nasbinals, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì òkúta dúdú, kí ẹ sì wá ère Pierrounet. Ọkùnrin tó ń to eegun ni, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a bí a ṣe ń lọ bá àwọn tiwa nílé. Ọ̀pá arọ ni wọ́n gbẹ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ya gba Bessuéjouls, lẹ́yìn Espalion. Láti ìta, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré lásán ni. Ẹ wọlé, ẹ wá àtẹ̀gùn tóóró tó wọ inú ilé aago, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ti jẹ gan-an, kò gba àpò ẹ̀yìn. Ẹ sọ àpò sílẹ̀, ẹ di ògiri mú. Lókè ni ẹ ó ti bá ilé ìsìn mìíràn, láti ọ̀rúndún kọkànlá, pẹ̀lú pẹpẹ àti ọnà tí wọ́n gbẹ́ sí òkúta lórí àwọn òpó. Ọ̀pọ̀ ló ń jókòó sí ìsàlẹ̀ jẹ búrẹ́dì láìmọ̀ pé nǹkan wà lókè. Nígbà tí ẹ bá jáde, òkè ẹlẹ́rẹ̀ tó ga gan-an ló tẹ̀ lé e. Bí òjò bá ti rọ̀ ní alẹ́, ọ̀nà ọkọ̀ tó tẹ̀ lé odò Lot lọ sí Estaing tẹ́jú jù.

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé

Ẹ ṣeun gan-an, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Olókè, ẹ ò sọ ti Conques. Àti pé, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé àmì pupa àti funfun yẹn nìkan ni kí n máa tẹ̀ lé, àbí mo nílò máàpù?

ÀpòFúyẹ́

Ẹ nílò méjèèjì, ìdí rẹ̀ rèé. Funfun lókè, pupa nísàlẹ̀: ẹ máa lọ. Tí ọfà bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ yà síbi tó nà sí. Tí wọ́n bá fi funfun àti pupa ṣe àgbélébùú, ọ̀nà yín kọ́ nìyẹn. Gbogbo GR ní Faransé ló ń lo àwọ̀ kan náà! GR 70 àti GR 40 náà gba Le Puy, ẹni tó ń tẹ̀ lé pupa-funfun láìwo nọ́ńbà lè rin wákàtí kan sí gúúsù kó tó mọ̀. Lórí òkè Aubrac, àmì pupa-yẹ́lò á tún dà pọ̀ mọ́ ọn, ti ọ̀nà àyíká ni ìyẹn, kì í ṣe tiyín. Ìkarahun tí ẹ ó máa rí lára ògiri kì í tọ́ka síbì kan, ẹ̀ṣọ́ ni.

Òfin mi: bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí ẹ kò rí àmì, ẹ padà sí èyí tí ẹ rí kẹ́yìn. Ẹ má gbìyànjú láti gé ọ̀nà já. Ẹ gba fáìlì GPX, èyí tó ń fi ipa ọ̀nà náà hàn, sórí fóònù nílé, kí ẹ sì tọ́jú máàpù IGN (ti ilé iṣẹ́ máàpù ìjọba Faransé) sínú rẹ̀ láìlo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já lórí òkè pẹrẹsẹ yẹn.

Orúnkún_Ẹ_Ṣọ́ra

Ìkùùkuu ni kí ẹ bẹ̀rù níbẹ̀, láàárín Aumont àti Aubrac. Kò sí igi, ògiri òkúta kúkúrú nìkan ni, ìkùùkuu sì lè bo gbogbo rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Yìnyín náà lè bọ́ ní oṣù karùn-ún, ibi tí ẹ ó gbà ga ju 1,300 mítà lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn mọ́ńkì fi dá ilé ìtọ́jú sí Aubrac ní nǹkan bí 1120, tí wọ́n sì ń lu aago kan nígbà ìkùùkuu, "aago àwọn tó sọnù" ni wọ́n ń pè é. Ẹ tẹ̀ lé ògiri òkúta, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà.

Màlúù: màlúù Aubrac aláwọ̀ erùpẹ̀, ó lẹ́wà lójú bí ẹni lé tìróò, àmọ́ èyí tó bímọ kì í ṣeré. Ọ̀nà gba àárín pápá wọn. Ẹ má gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá, ẹ yí ká, kódà bó gba 50 mítà sí i. Wáyà tó yí wọn ká ní iná, ọwọ́ onírọ́bà tó wà ní géètì ni kí ẹ mú, kí ẹ sì so ó padà.

Eégbọn wà nínú koríko gíga. Ní alẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ ìdí àti abíyá wò. Ilé ìpoògùn ń ta irin kékeré tí a fi ń yọ ọ́: ẹ ti irin náà bọ abẹ́ rẹ̀ lórí awọ, ẹ yí i, yóò jáde. Ẹ má fi òróró tàbí iná sí i. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n tó sì ń gbòòrò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà ni. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112.

ÀpòFúyẹ́

Ẹrù: ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín, omi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wọn kìlò 70, kìlò 7. Àpò fúnra rẹ̀ kí ó má ju kìlò 1.2 lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ṣòkòtò méjì, ìbọ̀sẹ̀ onírun mẹ́ta, ẹ̀wù òjò, aṣọ òtútù kan, aṣọ ìsùn tí wọ́n rán bí àpò (gîte ń fún yín ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe aṣọ ibùsùn), ohun ìdítí, lítà omi kan ààbọ̀. Ẹ ń fọ aṣọ lójoojúmọ́. Bí èyí bá pọ̀ jù, mọ́tò ń gbé àpò láti ilé dé ilé, nǹkan bí 10 yúrò fún ìpele kan. Ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà kí aago mẹ́jọ tó lù.

Bàtà: ẹ fi ìdajì nọ́ńbà tóbi jù, ẹ ti wọ̀ ọ́ rìn 100 kìlómítà kí ẹ tó dé Le Puy. Bí ibì kan bá ti ń gbóná, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní ẹ ó dé abúlé. Ẹ fi pílásítà bò ó. Tí ìléròrò bá ti wú, ẹ fọ ọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ti fi oògùn apakòkòrò nù gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ omi jáde, awọ ni kí ẹ má bó. Àwọn kan ń fi òwú sílẹ̀ nínú rẹ̀. Òwú yẹn ló ń fa èérí wọlé.

Màámi_Lyon

Oúnjẹ, ẹnìkan ò sọ ọ́! Ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé ti Le Puy ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́, lentille ni wọ́n ń pè é. Lórí Aubrac, aligot: pòtétò àti wàrà tí wọ́n fà bí ẹni ń ro okà. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ dán an wò nílé: kìlò pòtétò kan tí ẹ se tí ẹ gún, 400 gíráàmù tome fraîche (wàrà dídì tuntun), 250 gíráàmù ọ̀rá wàrà, 100 gíráàmù bọ́tà, aáyù méjì. Iná kékeré, ẹ máa rò ó sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ máa gbé e sókè, títí yóò fi nà. Bí ó bá hó, ọ̀rá á yapa, kò ní nà mọ́. Bí ẹ bá lo wàrà tó ti gbó dípò tome tuntun, kò ní nà rárá. Alẹ́ ni ẹ ó jẹ ẹ́. Ẹni tó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án kò ní gun òkè kankan.

Olókè_Ìdànrè

Conques: ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, torí pé ìwọ̀ oòrùn ni iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á tan sí ìdájọ́ ìkẹyìn tí wọ́n gbẹ́ sórí ẹnu ọ̀nà ní ọ̀rúndún kejìlá, ère 124, àwọ̀ kan ṣì kù lára wọn. Ẹ wá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkàn, láàárín: ẹ ó rí ẹ̀mí èṣù tó ń fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ń ṣe màgòmágó. Ní etí òkúta tó tẹ̀ kọrọdọ lókè pátápátá, orí kéékèèké ń yọjú wo ayé.

Fèrèsé inú rẹ̀, 104, Pierre Soulages ọmọ Rodez ló ṣe wọ́n, 1994. Kò sí àwòrán níbẹ̀, gíláàsì aláìláwọ̀ ni, àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ìrọ̀lẹ́ àti òwúrọ̀. Egungun Foy Mímọ́ ló sọ ìlú yìí di ńlá. Mọ́ńkì ibẹ̀ kan jí i gbé láti Agen ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ère wúrà rẹ̀ wà nínú ilé ìṣúra, ó ní owó ìwọlé, ó sì ń tì ní ìrọ̀lẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Mẹ́ta

Àti ìpadàbọ̀: kò sí rélùwéè ní Conques. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé àpò náà ń gbé èèyàn padà sí Le Puy, ẹ gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Tàbí takisí lọ sí Rodez, nǹkan bí 40 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ kan ń ti ibẹ̀ lọ sí Paris Austerlitz. Ẹ yẹ ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Leeds, torí pé bí wọ́n bá ń tún ojú irin ṣe, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi rọ́pò, wákàtí ìdé á sì yí padà.

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé

Ó ti yé mi. Sauvage ni mo máa kọ́kọ́ pè lówùúrọ̀ ọ̀la, màá sì ka ọjọ́ tó kù láti ibẹ̀.